Fọ́tò Físà Tí Ó Ní Ẹsẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, atẹ́gùn ń sáré káàkiri àdúgbò bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já. Yìnyín tó ti bo ilẹ̀ látọjọ́ yìí ti yọ́, ó ti di ẹrẹ̀ dúdú létí títì, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ lé e. Òjò ìlú yìí kì í wá láti òkè bí òjò ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà, á wọ inú etí ènìyàn, á gba ibẹ̀ lọ sí ọrùn. Ọmọ mi obìnrin ní ìgbà ìrúwé ti dé. Mo wo igi iwájú ilé láti ojú fèrèsé, kò sí ewé kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Mo ní ó dáa, a ti gbọ́.

Albany Park la wà nígbà náà, ní Chicago, láàárín àwọn ọdún 1980. Ọmọ mi yìí, nọ́ọ̀sì ni, ṣíìfù alẹ́ ló sì ń ṣe jù. Ó bímọ, ó ní kí n wá bá òun wẹ̀ ẹ́. Mo wá. Mo wẹ ọmọ títí ó fi ń rìn, wọn ò dá mi padà. Mo ń bá wọn ṣọ́ ọmọ, mo ń se oúnjẹ, mo ń kírun mi, kò sí wàhálà.

Obìnrin kan wà ní òkè wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tèmi. Taiwan ló ti wá, erékùṣù kan tó wà létí Ṣáínà. Òun náà ń bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tọ́ ọmọ, ọmọkùnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré. Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Skokie, ìyàwó rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Màmá Òkè ni mo ń pè é, torí òkè ló ń gbé. Ohun tí òun ń pè mí, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fi ń pè é, mo sì ń dáhùn.

Èdè wa kò jọ rárá. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò ju ti ọjà lọ, tirẹ̀ kò sì tó tèmi. Yorùbá ni mo ń sọ fún un, ó ń fi tirẹ̀ dá mi lóhùn, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, a ó fi ọwọ́ ṣe é. Bí mo bá ní, "Màmá Òkè, ata yìí mà kéré o," á lọ gbé iyọ̀ wá. A ó fi iyọ̀ sí i náà. Oúnjẹ ni oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ tó wá wà nílẹ̀ ni pé ó ní ọmọbìnrin kan ní Toronto, ní Kánádà. Oyún àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ti wọ oṣù tí yóò bí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣàlàyé fún mi, ọmọ mi ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, obìnrin tó bá bímọ kì í jáde fún oṣù kan, kì í fọwọ́ kan omi tútù, ìyá rẹ̀ ló máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò máa fi atalẹ̀ se adìẹ fún un. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ń ṣe é?" Àṣé kì í ṣe àwa nìkan la mọ̀ pé omi tútù kò dára fún ìyá ọmọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí ti di tèmi. Ìyá tí kò bá ọmọ rẹ̀ níbi ìkúnlẹ̀ àkọ́kọ́, kí ló tún fẹ́ bá?

Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù Màmá Òkè kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rí tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ka ìjọba tó ṣe ìwé náà sí ìjọba. Ibi tí ẹlòmíràn ń wọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn yóò kọ́kọ́ tọrọ físà, wọn yóò lọ, wọn yóò dúró, wọn yóò tún padà wá. Ó ní Ṣáínà méjì ló wà láyé, ńlá kan, kékeré kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òun ni Ṣáínà.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo wí. "Baba kú, ìyàwó méjì pín ilé, oníkálukú ní ọ̀dọ̀ òun ni ilé baba. Àlejò tó bá kí tibí, tọ̀hún kò ní fún un lómi mu."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, ta wá ni ìyálé nínú wọn?"

"Ohun tí wọ́n ń jà lé nìyẹn."

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni ní físà Kánádà wà ní àárín ìlú. Wọ́n ti ní kí Màmá Òkè wá ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kí ó mú fọ́tò tuntun méjì dání. Ọmọ rẹ̀ kò ráyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ni yóò dúró ti àwọn ọmọ méjèèjì, tiwọn àti tiwa, nílé, ló bá bẹ ọmọ mi pé kí ó fi mọ́tò gbé ìyá òun lọ bí ó bá ti ṣíìfù dé. Fọ́tò ńkọ́? Ó ní kí ìyá òun lọ yà á lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní òpópónà wa. Mo ní kò sí ìṣòro, èmi yóò mú un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò nílé wa. Fọ́tò kì í ṣe eré. Ènìyàn á wẹ̀, á kun òrí, á wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí, á jókòó gbọnrangandan sórí àga, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé eékún, bàtà rẹ̀ méjèèjì á hàn. Kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé odidi ènìyàn ni, ó lọ́wọ́, ó lẹ́sẹ̀, ó sì ní ilé tó ti jáde wá. Mo wá wo fọ́tò inú pásípọ́ọ̀tù Màmá Òkè. Orí nìkan! Orí láìsí èjìká tó ṣe gúnmọ́, irun kan ń wo ibí, irun kan ń wo ọ̀hún, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Mo ní, "Màmá Òkè, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dà yín láàmú. Ta ló máa jẹ́ kí orí lásán wọ ìlú òun?"

Mo mú un wọ yàrá mi. Mo fún un ní bùbá àti ìró mi aláwọ̀ ewé, mo wé gèlè fún un, gèlè líle tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo fà á sókè dáadáa. Ó wo dígí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó rọra fọwọ́ kan gèlè náà bíi pé ó lè gé e jẹ. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, ó na ọrùn, ó wo ara rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ìyá ọba lójú ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ ò rí i?"

Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò yìí, ìgbéyàwó ló máa ń yà jù. Ó bi mí bóyá ọjọ́ ìbí la fẹ́ ṣe. Mo ní ìrìn àjò ni. Ó ní ṣé gbogbo ara? Mo ní gbogbo rẹ̀, kí ó má gbàgbé bàtà. Ó gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òdòdó oníke kan, èmi fúnra mi tún ọwọ́ rẹ̀ gbé lé eékún. Nígbà tó yà á tán ni mo sọ fún un pé kékeré la fẹ́, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà ni wá. Ó ṣe é ní kékeré. Ẹsẹ̀ Màmá Òkè dà bíi hóró ìrẹsì méjì, ojú rẹ̀ dà bí ẹ̀wà. Gèlè nìkan ló hàn kedere. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo ní, "Máṣàálláà." Màmá Òkè fi áńkáṣíìfù dì í, ó kó o sínú àpò, ọmọ rẹ̀ kò sì rí i.

Ó wá di àárọ̀ òjò àti atẹ́gùn tí mo wí. Ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, oorun ti kún ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà o, kí n má bàa sùn sídìí stíárìn."

Kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí yàrá rẹ̀ tí kò gbá, mo dé orí ọkọ rẹ̀ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́, mo dé orí abọ́ tó sùn mọ́nú síǹkì. Kò sùn. Màmá Òkè jókòó sẹ́yìn, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tí mo ń sọ, bíi pé òun náà ti rí abọ́ náà.

Ọkùnrin tó pè wá sídìí fèrèsé ọ́fíìsì náà jẹ́ ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó lo awò ojú. Ó kí wa. Ó ṣí pásípọ́ọ̀tù, ó kà á, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló mú fọ́tò. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó bọ́ awò. Ó nù ún. Ó lò ó padà. Ó wo Màmá Òkè, tó dúró níwájú rẹ̀ nínú ẹ̀wù òtútù, tí kò wé nǹkan kan, ó tún wo fọ́tò. Ó wá bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, tó ti ń sùn lórí ìdúró, gba fọ́tò náà wò. Oorun dá lójú rẹ̀.

"Mọ́mì! Ta ló wé gèlè fún wọn?"

"Èmi ni. Ṣé kò wé dáadáa ni?"

"Ọ̀gá yìí ń béèrè pé níbo ni ojú wọn wà."

"Ó wà níbẹ̀. Lábẹ́ gèlè. Ní kí ó wo ìsàlẹ̀ díẹ̀."

Ọkùnrin náà béèrè bóyá ẹ̀sìn ló ní kí wọ́n wé e. Mo ní kí ó sọ fún un pé kì í ṣe ti ẹ̀sìn, ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ mi sọ ọ́. Ọkùnrin náà ní òun dúpẹ́ fún ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ojú àti etí ni òun fẹ́ rí.

"Etí?" ni mo wí. "Kí ló fẹ́ fi etí ṣe? Ṣé ó fẹ́ bá fọ́tò sọ̀rọ̀ ni?"

"Mọ́mì, mi ò ní sọ ìyẹn fún un."

"Sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tiẹ̀ tún ní kí wọ́n ya bàtà!"

"Bàtà náà dára. Bi í bóyá bàtà náà kò dára."

Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn wa, ó bi í pé kí ni mo wí. Ọmọ mi ní mo kí i ni. Ọkùnrin náà ní kí ó bá òun kí mi padà.

Ó wá sọ èyí tí kò ní ẹ̀rín nínú. Ó ní gbogbo ìyókù ti pé, fọ́tò nìkan ló kù. Bí a bá mú èyí tó tọ́ wá kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lọ́sàn-án yẹn, òun yóò ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn kí ó tó tún kàn wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá àwọn fọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ náà padà fún wa. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Òkè, kò sì nílò rẹ̀. Ojú wa ló ti ń wò. Ó fi ọwọ́ ya ikùn ńlá sí iwájú ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó fà á wá sísàlẹ̀, pé oyún náà ti sọ̀, ó wá mi orí pé rárá, kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Omi lé sójú rẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa. Orí ló fẹ́. Orí la ó gbé wá fún un. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìsọ̀ fọ́tò kan wà ní títì kejì. A ò rìn débẹ̀ rárá, atẹ́gùn ló gbé wa. Nígbà tí Màmá Òkè jókòó, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀. Mo fi omi òjò ara ẹ̀wù mi rin ọwọ́, mo tẹ irun náà mọ́lẹ̀, mo ti etí rẹ̀ méjèèjì síta kí etí má tún dá wa padà. Obìnrin tó ni ìsọ̀ ní kí ó má rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Màmá Òkè gbé ọwọ́ méjèèjì lé eékún bí mo ti kọ́ ọ, ó rántí ara rẹ̀ nínú gèlè, ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó dákẹ́. Ó dákẹ́. Ọmọ mi, tó ti sùn lọ lórí àga, hanrun gooro. Màmá Òkè tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní kí n jáde. Mo ní mi ò lè jáde sínú òjò yẹn, kí ó jẹ́ kí n kọjú sí ògiri. Mo kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ. Ṣùgbọ́n èjìká mi ń gbọ̀n, Màmá Òkè sì ń rí i.

Aago ló bá wa pa ẹ̀rín náà. Orí ògiri tí mo kọjú sí gan-an ló wà. Mo yíjú padà, mo fi ìka tọ́ka sí i. Màmá Òkè wò ó, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀ bí iná tí wọ́n da omi sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á, ojú ìyá tó ń rò ó pé bóyá ọmọ òun ti ń rọbí láìsí òun níbẹ̀. Fọ́tò yẹn kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n etí wà níbẹ̀, méjèèjì.

Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ náà gbà á, ó ní ó dára. A jókòó. Mo ń ka tẹ̀sùbáà lábẹ́ ẹ̀wù mi. Ó pẹ́ kí ó tó tún pè wá. Ó na pásípọ́ọ̀tù sí Màmá Òkè, ó sì na bébà kan sí i lọ́tọ̀. Màmá Òkè ń tẹríba, ó ń dúpẹ́. Èmi gba pásípọ́ọ̀tù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo mọ òǹtẹ̀ bí mo bá rí i. Kò sí òǹtẹ̀ tuntun kankan níbẹ̀.

"Kò tẹ̀ ẹ́," ni mo wí. "Sọ fún un pé ó gbàgbé."

"Mọ́mì, kò gbàgbé. Ara bébà yìí ni físà wà. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ sínú pásípọ́ọ̀tù tiwọn."

"Kí ló dé?"

"Ìjọba Kánádà kò ka ìjọba tó ṣe pásípọ́ọ̀tù náà sí."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ka Màmá Òkè sí?"

"Wọ́n kà wọ́n sí."

"Wọ́n ń kí ọmọ, wọn ò kí ìyá tó bí i."

"Ẹ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo jókòó padà. Mo ní mi ò lọ. Bébà lásán! Bí atẹ́gùn bá gbé e lọ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fi di ẹ̀pà ńkọ́? Mo ní kí ó bá wa tẹ òǹtẹ̀ kékeré kan péré, lẹ́yìn ìwé, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé. Ọmọ mi fi ọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ẹ̀pà àti atẹ́gùn, bóyá torí ó fẹ́ lọ sùn. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó wá yí ojú sí èmi gan-an, ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì mi lè bá a.

Ó ní, "Mama, bébà yìí dára. Àwọn tó wà ní bọ́dà mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n mú méjèèjì dání, kí wọ́n má yà wọ́n. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò jọ òpùrọ́. Mo dìde.

Mo kó tẹ̀sùbáà mi kúrò nínú àpò aláṣọ kékeré rẹ̀, mo kó pásípọ́ọ̀tù àti bébà náà síbẹ̀ pọ̀, mo fi okùn rẹ̀ kọ́ Màmá Òkè lọ́rùn, mo tì í sínú ẹ̀wù rẹ̀. Mo gbá a láyà pẹ́pẹ́. Òun náà gbá mi láyà pẹ́pẹ́. Ọmọ mi ní, "Ṣé a lè máa lọ báyìí?"

Ọmọ Màmá Òkè ti gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ dè é. Nígbà tó rí fọ́tò ẹlẹ́sẹ̀, ó lóṣòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ sì ń fi ìbọ̀wọ́ nà án lórí. Mo gbé ọṣẹ dúdú àti òrí jáde fún ọmọ tí ń bọ̀. Ọmọ mi ní àwọn aṣọ́bodè yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ní ọṣẹ ni, bí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n fi wẹ̀. Màmá Òkè gbé ọwọ́ lé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wò mí.

Mo ní, "Ẹ máa lọ. Mo ti mọ̀. Ẹ lọ gba ọmọ yín."

Ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àti ìyá ọmọ náà lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mi ń sùn, ọmọ méjì kù sí mi lọ́wọ́. Tiwa ń ṣeré ní tirẹ̀. Ti Màmá Òkè dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ àgbà ní èdè wọn. Ó kọ oúnjẹ, ó kọ omi, ó ju bàtà kan lù mí. Mo rẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, kò gbà. Mo rẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ọjà, ó ju bàtà kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo fi ìró dì í, mo fi ọ̀já lé e. Ó wúwo bí àpò gààrí. Ó sọkún díẹ̀ sí mi léjìká, ó wá dákẹ́, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn. Mo gbé ìrẹsì kaná.

Lọ́sàn-án, fóònù dún. Láti Toronto ni. Màmá Òkè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń pariwo bí ẹni tó rò pé ohùn òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé Chicago. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, Màmá Òkè, ẹ kú ewu ọ̀nà." Ọmọbìnrin rẹ̀ gba fóònù, ó bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìyá òun ti dé, àwọn aṣọ́bodè wo bébà náà, wọ́n jẹ́ kí ó kọjá. Ó ní òun ò tíì bí, ikùn ṣì wà níwájú òun, ṣùgbọ́n ìyá òun ti wà nídìí ààrò, ó ti ní kí òun má fọwọ́ kan omi ẹ̀rọ mọ́. Mo ní, "Ó ṣe dáadáa. Gbọ́ tirẹ̀." Mo na fóònù sẹ́yìn sí etí ọmọ tí mo pọ̀n. Ó sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ àgbà dá a lóhùn, ó tún sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá a lọ, èmi dúró sí àárín, mo tẹ̀ ba, okùn fóònù yí mi lọ́rùn, mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo ń gbọ́ òórùn ìrẹsì tó ń jóná, ṣùgbọ́n mi ò lè mira. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, mo lọ bu orí ìrẹsì náà fún àwọn ọmọ, àwọn méjèèjì jẹ ẹ́, mo jókòó, mo ha ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ.